Iyèméjì Ọmọ Ìjọ Mọ́mọ́nì Lójú Ifá

Nínú Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, tí aráyé ń pè ní ìjọ Mọ́mọ́nì, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ọjọ́ ẹ̀rí. Àwọn ọmọ ìjọ á gbààwẹ̀, wọ́n á fi owó oúnjẹ tí wọn kò jẹ ta àwọn aláìní lọ́rẹ, lẹ́yìn náà ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá gbé e yóò dìde lọ síwájú. Ẹlẹ́rìí kì í sábà sọ pé òun rò, tàbí pé òun ń retí. Ohun tó ń sọ ni pé òun mọ̀: òun mọ̀ pé wòlíì ni Joseph Smith, òun mọ̀ pé òtítọ́ ni Ìwé ti Mọ́mọ́nì, òun mọ̀ pé ìjọ Ọlọ́run nìyí. Ọmọdé tí kò tíì lè dá ọ̀rọ̀ sọ, ìyá rẹ̀ á bá a tẹ gbohùngbohùn wálẹ̀, á máa sọ ọ́ sí i létí lẹ́yọ lẹ́yọ, ọmọ náà á sì máa wí i tẹ̀lé e. Ẹni tó bá dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ wá di méjì, kò sí gbólóhùn tí wọ́n kọ́ ọ tó lè fi dìde lọ́jọ́ náà.

Iyèméjì ọ̀hún kì í ṣàdédé wá. Joseph Smith sọ pé ní ọdún 1820, nínú igbó kan lẹ́bàá Palmyra ní ìpínlẹ̀ New York, Ọlọ́run Baba àti Jésù fara han òun. Ó ní ní 1827, áńgẹ́lì Mórónì fa àwọn àwo wúrà lé òun lọ́wọ́, àti pé inú wọn ni òun ti túmọ̀ Ìwé ti Mọ́mọ́nì. Ìwé náà jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1830, wọ́n sì dá ìjọ sílẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún kan náà. Ẹ̀sìn tó bá gbé ara rẹ̀ lé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ báyìí, níbi báyìí, ti gbà kí òpìtàn wá wò ó, àwọn òpìtàn sì wò ó lóòótọ́. Smith ra àwọn ìwé pápírọ́sì ilẹ̀ Íjíbítì kan ní 1835, ó ní inú wọn ni Ìwé Ábráhámù ti wá. Díẹ̀ nínú wọn padà sọ́wọ́ ìjọ ní 1967 láti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Metropolitan ní New York. Àwọn onímọ̀ èdè Íjíbítì àtijọ́ kà wọ́n, wọ́n ní ìwé tí wọ́n máa ń sin mọ́ òkú ni. Ní 2014, ìjọ fúnra rẹ̀ gbé àkọsílẹ̀ kan jáde tó gbà pé àwọn obìnrin tí Smith gbé níyàwó lè tó ọgbọ̀n sí ogójì, àti pé àwọn kan nínú wọn ti wà nílé ọkọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kó ìdààmú bá sọ pé ohun tó dun àwọn jù ni pé òde ni àwọn ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ìdájọ́ tí ìjọ yìí ń wàásù sì yàtọ̀ sí èyí tí etí ti mọ̀ níbòmíràn. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 1832, ní ìlú Hiram ní Ohio, Smith àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Sidney Rigdon kéde ìran kan tó pín ọ̀run sí ìjọba ògo mẹ́ta: sẹ̀lẹ́stíà ló ga jù, tẹ̀rẹ́stríà ló tẹ̀lé e, tẹ̀lẹ́stíà ló wà nísàlẹ̀. Òpùrọ́, oṣó àti alágbèrè yóò jìyà fún ìgbà kan, ṣùgbọ́n tẹ̀lẹ́stíà ni wọn yóò bọ́ sí níkẹyìn, ògo ibẹ̀ sì ju ohun tí èèyàn lè fọkàn yàwòrán lọ. Àwọn tí wọ́n ń pè ní ọmọ ègbé nìkan ni kò ní rí ògo kankan gbà: àwọn tó ti mọ òtítọ́ lámọ̀dájú, tí wọ́n sì tún dìde sẹ́ ẹ. Àánú inú ìran yìí pọ̀ ju èyí tí àwọn ọmọ ìjọ kan nígbà náà lè gbé mì. Brigham Young, tó wá di olórí lẹ́yìn tí àwọn jàǹdùkú pa Smith nínú ẹ̀wọ̀n Carthage ní 1844, jẹ́wọ́ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó tako gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tọ́ òun dàgbà. Ó ní òun kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀, òun kàn ní kí òun ṣì dúró ná.

Nítorí náà, iná kọ́ ló ń ba oníyèméjì ìjọ Mọ́mọ́nì lẹ́rù. Inú tẹ́ḿpìlì ni wọ́n ti ń fi èdìdì so ọkọ, aya àti ọmọ pọ̀ títí ayérayé, ìjọba sẹ̀lẹ́stíà nìkan sì ni ìdè náà ti máa dúró. Kí èèyàn tó wọ tẹ́ḿpìlì, yóò jókòó síwájú bíṣọ́ọ̀bù, bíṣọ́ọ̀bù á bi í nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀, ìdámẹ́wàá rẹ̀, ìwà rẹ̀ nínú ilé, bóyá ó ń mu ọtí, tíì tàbí kọfí. Ẹni tí kò bá lè dáhùn pẹ̀lú òótọ́ inú yóò dúró síta, kódà bó jẹ́ pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni wọ́n ń so pọ̀ mọ́ aya nínú ilé náà. Bàbá tàbí ìyá tó bá jókòó sí ọgbà tẹ́ḿpìlì lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ti tọ́ ìdájọ́ yìí wò kó tó kú.

Ìjọ Mọ́mọ́nì wà lára ìwọ̀nba ìjọ Kristẹni tó ń kọ́ni pé èèyàn ti wà lọ́run kó tó gbé ara wọ̀, pé ó sì ti ṣe yíyàn níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ ohun tí Yorùbá ń pè ní àkúnlẹ̀yàn, ibẹ̀ gan-an sì ni Ifá ti ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ẹsẹ tó bá a mu jù wà nínú odù Ogbè-Ògúndá. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wá sáyé: Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀, kí wọ́n má sì yà síbì kankan. Àwọn méjì àkọ́kọ́ tẹ̀ lé àṣẹ yìí. Wọn kò bá Àjàlá nílé, wọ́n bá orí tó tò sílẹ̀ lọ súà, wọ́n sì mú èyí tó wù wọ́n. Wọn kò mọ̀ pé àwọn orí náà kò jiná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ìgbà tí wọ́n fi délé ayé, díẹ̀ ló kù. Gbogbo èrè iṣẹ́ wọn ń bá àtúnṣe orí lọ.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà kí bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó rúbọ, kó sì mú iyọ̀ àti owó dání. Lójú ọ̀nà ló ti bá oníbodè kan tó ń se ọbẹ̀, tó ń bu eérú sí i bí ẹni ń bu iyọ̀. Ó béèrè ohun tó fà á, ó rí i pé oníbodè kò mọ iyọ̀ rí, ó bá bu díẹ̀ sínú ìkòkò fún un. Oníbodè tọ́ ọ wò, inú rẹ̀ dùn, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ Àjàlá. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, olówó Àjàlá ló ń pariwo lójúde, Àjàlá fúnra rẹ̀ sì ti sá gun orí àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀kalẹ̀, ó mú ọ̀pá irin, ó ń fi lu orí kan tẹ̀ lé òmíràn títí tó fi kan èyí tó dún dáadáa, ó sì gbé e fún un. Òjò pa á dé ilé ayé, kò yingin. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò pé ibòmíràn ló ti rí tirẹ̀, àṣé ilé Àjàlá kan náà ni.

Ohun tí ẹsẹ yìí kò sọ ṣe pàtàkì bí ohun tó sọ. Kò sọ pé Oríṣèékú àti Orílèémèrè ṣẹ̀. Àwọn gan-an ló pa àṣẹ mọ́. Ẹni tó yà lọ́nà ni nǹkan ṣẹnuure fún. Kò sì sọ pé àbùkù kan kò sí lára ẹni tó mọ orí: onígbèsè ni, ó fi iṣẹ́ tí kò jiná sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀, ó sá lọ. Orí burúkú nínú Ogbè-Ògúndá jẹ́ àgbákò. Kò sí adájọ́ kankan tó fi í ṣe ìjìyà fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí bá ibi tó dun àwọn Mọ́mọ́nì jù. Ní 1836, wọ́n fi ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Elijah Abel, joyè àlùfáà nínú ìjọ náà. Ní 1852, Brigham Young kéde pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ joyè náà mọ́. Nígbà tí àwọn èèyàn wá béèrè ìdí, ọ̀kan nínú àlàyé tí àwọn aṣáájú kan fi fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé àwọn ẹ̀mí tí wọ́n bí sínú awọ dúdú kò fi gbogbo ọkàn jà fún Ọlọ́run lọ́run kí wọ́n tó wáyé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1978 ni Spencer W. Kimball, olórí ìjọ nígbà náà, kéde pé òfin náà ti parí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Anthony Obinna àti àwọn ará rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Imo, lẹ́yìn tí àwọn ará ìlà-oòrùn Nàìjíríà ti ń kọ lẹ́tà sí olú ìjọ ní Salt Lake City láti ìgbà pípẹ́, tí wọ́n sì ti ń pàdé lórúkọ ìjọ tí kò tíì gbà wọ́n. Ní 2013, ìjọ kéde pé òun kò fara mọ́ àlàyé àtijọ́ náà mọ́.

Àwọn tó ṣe àlàyé ọ̀hún ń ka ipò tí wọ́n bí èèyàn sí bí ìwé ìdájọ́ tí Ọlọ́run ti fọwọ́ sí. Ogbè-Ògúndá kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti kà á bẹ́ẹ̀. Kì í kúkú ṣe pé kò sí Yorùbá tó ń fojú burúkú wo olórí burúkú. Wọ́n pọ̀ jàra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò rí ẹ̀rí mú nínú ẹsẹ yìí, nítorí ohun tí ẹsẹ náà ní kí ẹni tí orí rẹ̀ kò jiná ṣe ni kó lọ dífá, kó mọ ohun tó ń jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀, kó sì tún orí náà ṣe.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè nǹkan lọ́wọ́ Ifá tún là á yé wa síwájú sí i. Ẹni tó lọ dífá kì í ro ẹjọ́ rẹ̀ fún babaláwo. Á sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sára owó, á sì gbé owó náà kalẹ̀. Babaláwo á da ọ̀pẹ̀lẹ̀, á máa ki ohun tí odù náà ní, ẹni tó wá sì ni yóò mọ ẹsẹ tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé gan-an, wọ́n á mú ìbò: owó ẹyọ fún bẹ́ẹ̀ ni, egungun fún rárá. Olùbéèrè á fi ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan sí ọwọ́ òsì, á di ọwọ́ méjèèjì, Ifá á sì sọ èyí tí kó ṣí. Bí ó bá jẹ́ egungun, kò sí ẹni tó máa sọ pé ọkàn olùbéèrè kò mọ́. Rárá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí Ifá tó sọ̀rọ̀.

Ìlérí kan wà ní orí tó gbẹ̀yìn Ìwé ti Mọ́mọ́nì, níbi tí Mórónì ti ní kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ bi Ọlọ́run bóyá òtítọ́ ni ìwé náà, kó béèrè tòótọ́-tòótọ́, Ẹ̀mí Mímọ́ á sì fi hàn án. Ìlérí ńlá ni, ó sì jọ ti Ifá nítorí pé ẹlòmíràn kò lè gba ìdáhùn fúnni. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni ìgbà tí olùbéèrè bá sọ pé òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ìdáhùn tó sábà máa ń bá pàdé ni pé kó tún padà lọ gbàdúrà, kó yẹ ara rẹ̀ wò, bóyá kò fi òótọ́ inú béèrè. Ìbò ọlọ́wọ́ kan ni. Ó yẹ ká sọ pé ìwé mímọ́ wọn mọ ọwọ́ kejì: nínú ìfihàn kan tí Smith gbà fún akọ̀wé rẹ̀ Oliver Cowdery ní 1829, àyà gbígbóná ni àmì bẹ́ẹ̀ ni, kí iyè sì ra ni àmì rárá. Ọwọ́ méjèèjì wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ẹ̀rí, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣí.

Kò túmọ̀ sí pé Ifá ń gbè sẹ́yìn gbogbo ẹni tó bá ń jiyàn. Ẹsẹ tí wọ́n ti ní kí ẹnì kan rúbọ, tó fi awo ṣẹ̀sín, tó sì padà fi ìka àbámọ̀ bọnu, kò lóǹkà. Bí a bá wo irú àwọn ẹsẹ bẹ́ẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé ohun tí wọ́n bá ẹni náà wí fún ni àìṣe, wọn kì í bi í bóyá ó dá a lójú. Ẹni tó ń kùn tó sì rúbọ, ẹbọ rẹ̀ á dà. Níhìn-ín, Ìwé ti Mọ́mọ́nì gan-an sún mọ́ Ifá ju bí ọjọ́ ẹ̀rí ṣe sún mọ́ ọn lọ. Nínú ìwé Álmà, orí 32, wòlíì Álmà ń bá àwọn tálákà sọ̀rọ̀, àwọn tí wọ́n lé kúrò nínú sínágọ́gù tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Ó ní bí wọn kò bá ní ju ìfẹ́ láti gbàgbọ́ lọ, kí wọ́n gbin ọ̀rọ̀ náà bí irúgbìn, kí wọ́n wò ó bóyá yóò hù. Àwọn tó lé wọn jáde ńkọ́? Orí tó ṣáájú sọ pé wọ́n ní ibi gíga kan tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ka àdúrà kan náà, pé àwọn ni Ọlọ́run yàn. Àwọn Mọ́mọ́nì tó ń ka orí yìí, tí wọ́n sì rántí ọjọ́ ẹ̀rí, kò ṣọ̀wọ́n.

Ó ku ìbéèrè ẹni tó ń bá onígbàgbọ́ lọ nígbà tí ìjọ rẹ̀ bá já a kulẹ̀. Ògúndá Méjì ló dáhùn èyí. Ọ̀rúnmìlà bi àwọn òrìṣà pé èwo nínú wọn ló lè bá olùfọkànsìn rẹ̀ rin ìrìn àjò tó jìn títí dé òkè òkun, láìpadà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó ní òun lè ṣe é. Wọ́n ní bó bá dé Kòso ilé bàbá rẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n gbé gbẹ̀gìrì àti àmàlà kalẹ̀, tí wọ́n fi orógbó àti àkùkọ lé e? Ṣàngó ní bí òun bá yó tán, òun á padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bi gbogbo wọn, kálukú ló ní ilé tí yóò yà sí. Nígbà tó yá, ó hàn pé orí ẹni nìkan ló ń báni dé ibi tí à ń lọ.

Jane Manning James rin irú ìrìn yìí. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Connecticut ni, wọ́n bí i lómìnira. Ní 1843 ó kó àwọn ará ilé rẹ̀ lọ bá àwọn Mọ́mọ́nì ní Nauvoo, Illinois. Nígbà tí wọ́n dé Buffalo, wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n bá fi ẹsẹ̀ rìn ín, ó tó nǹkan bí 800 máìlì. Ó ní bàtà àwọn gbó tán, àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn là, ẹ̀jẹ̀ ń hàn níbi tí àwọn bá tẹ̀. Ó bá ìjọ dé Utah ní 1847. Lọ́jọ́ ogbó, ó bẹ àwọn aṣáájú lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n jẹ́ kí òun gba ìlànà tẹ́ḿpìlì bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, wọ́n kọ̀. Ní 1894 wọ́n so ó mọ́ ìdílé Joseph Smith gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ títí ayérayé, obìnrin funfun kan ló sì dúró fún un nínú tẹ́ḿpìlì nítorí pé wọn kò jẹ́ kó wọlé. Kò fi ìjọ sílẹ̀ títí tó fi kú ní 1908. Nínú ẹ̀kọ́ Ògúndá Méjì, àwọn tó ń darí ìjọ rẹ̀ ti yà sílé bàbá wọn, oúnjẹ ti wà níwájú wọn. Ohun tó gbé e dúró kò sí lọ́wọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹni tó jáde nítorí pé kò lè parọ́ níwájú bíṣọ́ọ̀bù: orí rẹ̀ kò dúró sẹ́yìn nínú ìjọ, ó bá a jáde ni.

Ìdájọ́ ńkọ́? Yorùbá gbà pé ẹni tó kúnlẹ̀ yàn yóò tún kúnlẹ̀ jíhìn, ìwà sì ni wọn yóò bi í. Olóòótọ́ á lọ bá àwọn baba rẹ̀ ní ọ̀run rere, ó sì lè tún yà sílé ọmọ rẹ̀ bíi Babátúndé tàbí Yétúndé. Ẹni tí ìwà rẹ̀ bàjẹ́ á lọ sí ọ̀run àpáàdì, kò sì ní rójú padà sínú ẹbí. Ìyà tó le jù nínú ẹ̀kọ́ méjèèjì, kí èèyàn ya kúrò lára àwọn ènìyàn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń yà wọ́n kò dọ́gba: ìwà ló ń ya ti Yorùbá, nígbà tí ti Mọ́mọ́nì fi ìlànà àti ìjẹ́wọ́ kún ìwà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ìwà rẹ̀ dára tí kò sì lè sọ pé òun mọ̀ kò fi ní ìṣòro púpọ̀ níwájú Oníbodè ọ̀run, tó sì fi ní in níwájú bíṣọ́ọ̀bù. Kódà ìran 1832 kò ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ ọmọ ègbé, nítorí ẹni tí kò mọ̀ kò lè sẹ́ ohun tó mọ̀.

Ẹ̀kọ́ Mọ́mọ́nì kan ṣì wà tí Ifá kò ní irú rẹ̀. Láti 1840, ní Nauvoo, ni Smith ti ń kọ́ni pé alààyè lè ṣe ìrìbọmi fún òkú. Nínú tẹ́ḿpìlì, agbada omi ńlá kan wà tí ère akọ màlúù méjìlá gbé sẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ri aṣojú òkú bọ omi, tí wọ́n ń pe orúkọ ẹni tó ti kú. Ìlànà náà kò fi agbára mú òkú. Wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ fún un lọ́hùn-ún, ó lè gbà á, ó sì lè kọ̀ ọ́. Ní 1979, ọdún kejì tí wọ́n pa òfin àwọ̀ rẹ́, aṣojú kan gba ìlànà tẹ́ḿpìlì tí Jane James bẹ̀bẹ̀ fún títí tó fi darúgbó. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ìjọ náà, ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá.